Ṣé Lóòótọ́ Ni Gbogbo Òyìnbó Jọra?

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo gbé tíì tí wọ́n ti po ṣúgà sí fún màmá kan tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ṣúgà. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà. Ẹni tó ni tíì ọ̀hún ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, irun wọn funfun báláú, wọ́n gé e kúrú, jígí wà lójú àwọn méjèèjì, súwẹ́tà aláwọ̀ aró ni wọ́n sì jọ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá yìí wo ife, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni iwájú yẹn lò ń wá." Kò bínú rárá. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi délé, torí mo mọ̀ pé ká ní oògùn ni mo gbé dání ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti kọjá ẹ̀bẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa fi orúkọ arábìnrin kan tó wá láti Gánà pè mí. Arábìnrin yìí fi odindi orí ga jù mí lọ. Ó pupa, èmi dúdú. Eyín iwájú rẹ̀ là, tèmi pàdé. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wá fẹjọ́ mi sùn pé mo jágbe mọ́ ìyá òun, lọ́jọ́ tí mi ò tilẹ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n rí i pé ilé ni mo wà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n máà bínú. Ó dùn mí wọra. Mo pe àwọn ará ilé, mo ní àwọn òyìnbó ò ka èèyàn dúdú sí, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wo gbogbo wa. Ó ṣe díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tíì tó padà wá sọ́kàn mi. Ṣé èmi náà ò ka àwọn màmá méjì yẹn sí ni?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1914, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Gustave Feingold, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí gbogbo ará Éṣíà ṣe jọra lójú ará Amẹ́ríkà tí kò bá wọn gbé rí, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo òyìnbó ṣe jọra lójú ará Éṣíà. Ní 1969, Roy Malpass àti Jerome Kravitz fi fọ́tò ojú àwọn èèyàn dúdú àti àwọn òyìnbó dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní Yunifásítì Howard, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, àti ní Yunifásítì Illinois, níbi tí òyìnbó pọ̀ sí. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti ń tún un ṣe ní ilẹ̀ oríṣiríṣi. Nígbà tó di 2001, Christian Meissner àti John Brigham kó ìwádìí ọgbọ̀n ọdún jọ, iye àwọn tí wọ́n dán wò nínú rẹ̀ sì sún mọ́ 5,000. Wọ́n rí i pé tí èèyàn bá ti rí ojú kan rí, ìlọ́po 1.4 ló fi ń dá a mọ̀ tó bá jẹ́ ti ẹ̀yà tirẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ojú tí kò rí rí, ìlọ́po 1.56 ló fi ń ṣèèṣì sọ pé òun mọ̀ ọ́n, tó bá jẹ́ ti ẹ̀yà mìíràn. Òyìnbó ń ṣe é, èèyàn dúdú ń ṣe é, ará Ṣáínà náà ń ṣe é.

Nítorí náà, kò sí àríyànjiyàn lórí pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Orí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ò ti kò. Apá kan ní ojú ni kò mọ̀. Apá kejì ní ọkàn ni kò fẹ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó ní ojú ni. Ẹ wo ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham, tí wọ́n sì tọ́ dàgbà níbẹ̀, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ lẹ́nu bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sí i létí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Etí rẹ̀ ò di, kò sì kórìíra èdè àwọn baba rẹ̀. Àsìkò tí etí ń kọ́ ìyàtọ̀ àárín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló kọjá lọ láìsí ẹni tó fi bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà ní apá yìí ní bí etí ṣe ń kọ́ ohùn ni ojú ṣe ń kọ́ ojú, àti pé láti ìgbà tí ọmọ wà ní jòjòló ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí wọn lágbára. David Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i ní 2005 pé ọmọ òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò bìkítà nípa ẹ̀yà tí ojú tó ń wò jẹ́. Tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta, ojú òyìnbó ni yóò máa wò jù. Ní 2007, wọ́n fi ojú òyìnbó, ojú èèyàn dúdú, ojú ará Ṣáínà àti ojú àwọn ará Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn han àwọn ọmọ òyìnbó. Ọmọ oṣù mẹ́ta ń dá ojú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́fà ń dá ti òyìnbó àti ti ará Ṣáínà mọ̀, ìyókù ti ń sá mọ́ ọn lójú. Nígbà tó fi di oṣù mẹ́sàn-án, ti òyìnbó nìkan ló kù. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí kò tíì lè rìn, kí ló mọ̀ nípa ìkórìíra?

Àwọn mìíràn lọ wo àwọn ọmọ oṣù mẹ́ta ní Etiópíà àti ní Ísírẹ́lì, ní 2006. Àwọn ọmọ dúdú tó wà ní Etiópíà ń wo ojú dúdú jù, àwọn ọmọ funfun ní Ísírẹ́lì ń wo ojú funfun jù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Etiópíà tí àwọn òbí wọn ti ṣí wá sí Ísírẹ́lì, tí wọ́n ń rí dúdú, tí wọ́n ń rí funfun lójoojúmọ́, kò sí èyí tí wọ́n gbè sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti àwọn ọmọ Kòríà tí àwọn ìdílé òyìnbó ní ilẹ̀ Faransé gbà tọ́, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n gbà wọ́n. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n sì dán wọn wò, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tó jáde ní 2005 ṣe sọ, ojú òyìnbó ló rọrùn fún wọn láti dá mọ̀. Ojú àwọn ará Éṣíà, tó jẹ́ ojú tiwọn fúnra wọn nínú dígí, ló wá ń dà rú mọ́ wọn lójú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, nígbà náà. Ibi tí wọ́n ti tọ́ èèyàn ni.

Ìwádìí kan tún wà láti 1975 tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ tù mí nínú. Àwọn onímọ̀ láti Scotland ní kí àwọn òyìnbó ilẹ̀ wọn àti àwọn èèyàn dúdú ilẹ̀ tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí ṣàpèjúwe ojú tí wọ́n rí. Àwọ̀ irun, bí irun ṣe rí, àti àwọ̀ ẹyinjú ni àwọn òyìnbó ń mẹ́nu kàn. Àwọn èèyàn dúdú ń sọ bí ojú ṣe rí látòkè délẹ̀, ìpéǹpéjú, etí, àgbọ̀n.

Nígbà tí mo kà á, mo rántí bí a ṣe máa ń júwe èèyàn nílé. "Ó pupa díẹ̀, ojú ẹ̀ rí roboto, ó ní èéjí." "Adúmáadán ni, ojú ẹ̀ gùn, iwájú orí ẹ̀ yọ síta." Nínú gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ìsẹ́yìn fi àwọ̀ ẹyinjú júwe ẹnì kejì rẹ̀, torí kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe? Èmi wá dé ilé àwọn arúgbó yìí, mò ń wá roboto àti gbọọrọ, mò ń wá pupa àti dúdú, lójú àwọn èèyàn tó jẹ́ pé ẹyinjú ọ̀kan dà bí omi òkun, ti ìkejì dà bí tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ìyàtọ̀ náà wà níwájú mi gbangba. N kò wo ibẹ̀ ni.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi yẹn: n kò wo ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni apá kejì ti gbé ọ̀rọ̀ tiwọn kalẹ̀.

Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé àìfojúrinlẹ̀ nìkan ni, ẹni tó bá ti bá ẹ̀yà mìíràn gbé pẹ́ yẹ kó bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Meissner àti Brigham fúnra wọn rí i pé iye ìgbà tí èèyàn ń bá ẹ̀yà mìíràn pàdé kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó kéré jọjọ. Ní Gúúsù Áfíríkà láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àìmọye ọmọ òyìnbó ló jẹ́ pé ẹ̀yìn obìnrin dúdú ni wọ́n sùn sí. Ta ló máa sọ pé wọn ò rí ojú dúdú tó? Rírí kọ́ ni wíwò, apá kejì ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀.

Àlàyé wọn ni pé tí a bá pàdé ẹni tó yàtọ̀ sí wa, ẹ̀yà rẹ̀ ni ọkàn kọ́kọ́ ń kà, tó bá sì ti kà á tán, ó ti dẹwọ́. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ilà ojú láyé àtijọ́ á tètè lóye èyí. Tí àlejò bá wọ ìlú, ilà rẹ̀ làwọn èèyàn ń kọ́kọ́ wò. Kẹ́kẹ́, àbàjà, gọ̀mbọ́, pélé: ilà á ti sọ ibi tó ti wá kó tó la ẹnu. Ohun tí ilà kò sọ ni irú ẹni tó jẹ́. Ẹni tó bá ka ilà tán tó sì gbójú kúrò ti mọ ìlú àlejò, kò tíì mọ àlejò. Lóde òní, àwọ̀ ara ti di irú ilà bẹ́ẹ̀, ilà tí olóòlà kankan ò kọ.

Àwọn náà ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní 2001, Otto MacLin àti Malpass tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi kọ̀ǹpútà ya àwọn ojú tí kò ṣeé sọ bóyá ti èèyàn dúdú ni tàbí ti ọmọ ìran Látìnì. Irun nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Wọ́n fi wọ́n han àwọn ọmọ Látìnì. Ojú kan náà, imú kan náà, ẹnu kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé irun Látìnì sórí, wọ́n rántí rẹ̀. Nígbà tó gbé irun èèyàn dúdú sórí, ó pòórá mọ́ wọn lọ́kàn. Ní 2007, àwọn kan ní Yunifásítì Miami tó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio fi ojú òyìnbó nìkan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó. Wọ́n kàn sọ fún wọn pé àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọmọ yunifásítì tiyín, àwọn tọ̀hún wá láti ibòmíràn. Àwọn tí wọ́n pè ní tiwọn ni wọ́n rántí jù. Ẹ̀yà kan náà, àwọ̀ kan náà, orúkọ lásán ló fa ìyàtọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Kurt Hugenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé àṣìṣe yìí fún àwọn kan kí wọ́n tó dán wọn wò, wọ́n ní kí wọ́n fara balẹ̀ wá ohun tó ya ojú kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín ojú dúdú àti ojú funfun sì kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìyá mi bí ìbejì tẹ̀lé mi. Táyé àti Kẹ́hìndé ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ orúkọ mọ́ àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́, tí tíṣà ń na ẹni tí kò ṣẹ̀. Ìyá mi kì í ṣì wọ́n mọ̀, kódà nínú òkùnkùn, kódà láti ẹ̀yìn. Bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣì wọ́n mọ̀ máa ń yà á lẹ́nu gan-an. Ó máa ń ní, "Kí ló dé tí wọn ò wo ojú ọmọ?" Ìyá alákàrà tó ń tajà níwájú ilé wa, tó rí àwọn ọmọ yẹn láràárọ̀ fún ọdún mẹ́jọ, kò dá wọn mọ̀ títí a fi kó kúrò níbẹ̀. Iye ìgbà tí òun àti ìyá mi fojú kàn wọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìyá mi ní láti mọ ẹni tí ibà ń ṣe, ẹni tó ti jẹun, ẹni tó purọ́. Ìyá alákàrà ò nílò ju kó gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá nawọ́.

Tí mo bá dúró síbí, apá kejì ti borí. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ òtítọ́.

Nígbà tí Lulu Wan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú ìkìlọ̀ tí Hugenberg ṣe yẹn wò ní Ọsirélíà, lára àwọn òyìnbó àti àwọn ará Éṣíà, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìrírí tí èèyàn ti ní láti kékeré nìkan ló ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015. Bẹ́ẹ̀ sì ni Meissner àti Brigham kò rí i pé ẹni tó kórìíra ẹ̀yà mìíràn ń ṣi ojú wọn mọ̀ ju ẹni tó fẹ́ràn wọn lọ. Mo mọ̀ pé èyí á ṣòro fún ọ̀pọ̀ wa tó wà lókè òkun láti gbà. Ó ṣòro fún èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe mí ní orúkọ arábìnrin Gánà yẹn lè fẹ́ràn mi dénú.

Ẹjọ́ kan sì wà tó ń dá mi dúró nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ sọ pé àìkàsí ni gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù keje 1984, ní ìlú Burlington, ìpínlẹ̀ North Carolina, ọkùnrin kan já wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ẹni ọdún 22 kan lóru, ó sì fipá bá a lò. Jennifer Thompson lorúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti sọ ìtàn náà fún gbogbo ayé láìfi ojú pamọ́. Òyìnbó ni, èèyàn dúdú lọkùnrin náà. Bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó pinnu pé òun máa kọ́ ojú yẹn sórí, kí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́. Ó ń wò ó, ó ń há a sórí: irun, imú, ètè. Kò sẹ́ni tó tún lè fẹ́ láti mọ ojú èèyàn ju bó ṣe fẹ́ lọ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ọlọ́pàá kó fọ́tò síwájú rẹ̀, ó mú ti Ronald Cotton. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọkùnrin sórí ìlà, Cotton náà ló tún mú, ọlọ́pàá sì sọ fún un pé ẹni tó mú nínú fọ́tò nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní 1985, wọ́n rán Cotton lọ sẹ́wọ̀n gbére.

Nínú ẹ̀wọ̀n ni Cotton ti pàdé Bobby Poole, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń sọ pé ó jọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ ní 1987, wọ́n mú Poole wọ kóòtù, wọ́n bi Thompson bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò rí i rí láyé òun. Poole gan-an ló ṣe é. DNA ló fi hàn ní 1995, lẹ́yìn tí Cotton ti lo ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Thompson wá Cotton lọ, ó bẹ̀ ẹ́, Cotton dárí jì í. Ní 2009, wọ́n jọ kọ ìwé.

Mo ti ro ẹjọ́ yìí síwá sẹ́yìn. Thompson kò ṣàìka ọkùnrin yẹn sí. Kò gbójú kúrò. Gbogbo ohun tí apá kejì ní kí èèyàn ṣe ló ṣe, ojú sì já a kulẹ̀. Àmọ́ n kò ní í purọ́ pé ẹ̀yà nìkan ló fà á. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, òkùnkùn wà níbẹ̀, fọ́tò tó kọ́kọ́ rí wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwúrí tí ọlọ́pàá sọ fún un wà níbẹ̀. Òyìnbó ń ṣi òyìnbó mọ̀ ní kóòtù, dúdú ń ṣi dúdú mọ̀. Nínú àwọn tí DNA dá láre ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ̀bi, nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ló ṣì wọ́n mọ̀, gbogbo wọn kọ́ ló sì jẹ́ ẹ̀yà sí ẹ̀yà.

Nítorí irú èyí ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní New Jersey ṣe pàṣẹ ní 1999, nínú ẹjọ́ McKinley Cromedy, pé tí ẹ̀rí bá dá lórí ojú tí ẹlẹ́rìí ẹ̀yà kan rí lára ẹ̀yà mìíràn, tí kò sì sí ẹ̀rí mìíràn tó tì í lẹ́yìn dáadáa, kí adájọ́ kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú tó ń dá ẹjọ́. New York ṣe tiwọn ní 2017. Àwọn tó lòdì sí i ní ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wọ ẹjọ́ tí kò ti sí níbẹ̀, ó sì lè mú kí wọ́n fọwọ́ rọ́ ẹlẹ́rìí tó sọ òtítọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, torí ẹni tí wọ́n ṣe níkà náà ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gbà á gbọ́. Síbẹ̀, níbi tí mo dúró sí, ìkìlọ̀ ni mo fara mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni adájọ́ máa fi sọ ọ́, ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀ sì wà ní apá kejì òṣùwọ̀n.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe láti máa dá ojú mọ̀ náà ń ṣe irú àṣìṣe yìí, àmọ́ tirẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2011, wọ́n rí i pé ètò tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òyìnbó ń dá ojú òyìnbó mọ̀ jù, èyí tí wọ́n ṣe ní Ìlà Oòrùn Éṣíà ń dá ojú àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ jù. Ẹ̀rọ kò ní ọkàn tó fi ń kórìíra, apá àkọ́kọ́ ló jàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ló yan fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹnì kan ló sì wo àkójọ náà tó ní ó ti tó.

Ibi tí èmi wá já sí rèé. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn kò tíì parí tí n kì í fi í ṣi ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ nínú àwọn arúgbó méjìlélọ́gbọ̀n tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ṣì ń fi orúkọ arábìnrin Gánà pè mí. Ilé kan náà la wà, wákàtí kan náà la ń ṣe, òun náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Kí ló wá jẹ́ kí ojú tèmi kọ́ ẹ̀kọ́ tí tirẹ̀ ò kọ́? Ohun tí àṣìṣe máa ná ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ni. Tí mo bá tún gbé tíì lódì, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, ìwé ìgbélùú mi sì so mọ́ iṣẹ́ yẹn. Tí òun bá pè mí lórúkọ ẹlòmíràn, màá ní, "Èmi kọ́ o, mà," òun á sì máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Fún ìdí yìí, láràárọ̀ tí mo bá wọlé, mò ń wo ojú: ẹyinjú èyí búlúù, ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀, àgbọ̀n ìkejì là ní àárín, ó ní àmì dúdú kékeré kan lẹ́bàá etí. Mo ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí tó fi di pé n kì í rò ó mọ́ kí n tó mọ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n rò pé apá méjèèjì yẹn ń di ibì kan náà mú láti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtara òru ọjọ́ kan kò tó, Thompson ti fi hàn wá. Ọdún mẹ́jọ láàárín àwọn èèyàn láìwò wọ́n kò tó, ìyá alákàrà ti fi hàn wá. Ohun tó ń la ojú ni kí èèyàn ní ìdí láti wò, kó sì wò fún ìgbà pípẹ́. Ibi tó sì ń dùn mí ni pé àwọn tó ní ìdí yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, ni àwọn tí kò lágbára. Ìránṣẹ́ ní láti mọ ojú ọ̀gá. Àlejò ní láti mọ ojú onílé. Ojú tí àṣìṣe rẹ̀ lè rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n, ìyẹn ojú ọlọ́pàá, ojú adájọ́, ojú ẹni tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, ni kò sí ohun tó ń fipá mú un láti kọ́ ìyàtọ̀. Mi ò bá ọ̀gá mi jà pé ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dà mí pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ ló fún un ní ojú yẹn. Ohun tí mo mú un sí ni ìgbà kejì àti ìgbà kẹta, tí mo sọ pé èmi kọ́, tí kò gbé ojú sókè láti wò mí. Ẹni tó fẹjọ́ mi sùn ńkọ́? Ìyẹn ló dùn mí jù, torí pé ó dá a lójú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ọkàn Thompson ṣe balẹ̀.

Ní ìgbà Kérésìmesì tó kọjá, mo ya fọ́tò àwọn màmá méjì yẹn níbi àsè, wọ́n jókòó ti ara wọn, wọ́n dé fìlà pépà. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n fi han ìyá mi ní Nàìjíríà, torí mo ti máa ń sọ̀rọ̀ ìyá mi fún un. Mo fi ránṣẹ́, mo sì fi fídíò pe ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi ti ń wò ó nínú fóònù Táyé.

Ó ní, "Ìbejì ni wọ́n ni?"

Mo wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wò ó dáadáa, mò ń wá ohun tí ìyá mi rí, mi ò rí i. Mo ní, "Rárá o, Màmá. Wọn ò tiẹ̀ jọra."

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tó ń gbé àga. Ó ní, "Má tíì gé fóònù. Jẹ́ kí n lọ mú jígí mi."